Ọ̀sẹ̀ Méjì Lójú Ọ̀sà: Ètò Ìsinmi Ìdílé Wa láti Ajah



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀wẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ nínú àwọn ọmọ mi mẹ́ta. Síbẹ̀, ilé wa ní Ajah kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń rí ọkọ̀ tí ń kọjá, wọn a sì máa bi mí pé, "Màmá, níbo ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ń lọ?" Ìbéèrè yìí ni ó bí ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ fún yín lónìí.

Kí n tó là á sílẹ̀, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní àkókò ọdún Kérésìmesì, a fẹ́ gba ojú omi lọ kí ìyá ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́. A kò ṣètò kankan. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù kí a tó dé èbúté. Afẹ́fẹ́ ti ń le, ìgbì sì ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Atukọ̀ fún ọkọ mi àti èmi ní ẹ̀wù amúniléfòó, èyí tí wọ́n ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ó sì wá èyí tí ó ṣeé lò fún ọmọ méjì àgbà. Nígbà tí ó kan àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, èyí tí ó kù tóbi débi pé ọmọ náà yọ́ bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Atukọ̀ ní, "Màdáámù, ẹ gbé e lẹ́sẹ̀, kò séwu." Ọkọ mi wò mí. Ìyá rẹ̀ ti ń se ọbẹ̀ dè wá láti òwúrọ̀. Mo ní a kò lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá púpọ̀. Wọ́n ní ọmọ mẹ́fà ni àwọn pọ̀n sọdá ọ̀sà yẹn nínú ọkọ̀ àjẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó wọ ẹ̀wù kankan fún wọn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí mo bá kí wọn, ìdáhùn kúkúrú ni wọ́n ń fún mi.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Omi kò ṣẹ̀ wá. Àwa ni a kò ṣètò. A ti yan ibi tí a ń lọ, ṣùgbọ́n a kò yan wákàtí, a kò yan ọkọ̀, a kò sì ronú nípa àbọ̀. Nítorí náà, mo mú ìwé àti kálàmù, mo sì bẹ̀rẹ̀ ètò bí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ṣètò owó oúnjẹ: ẹni tí ó kéré jù lọ nínú ilé ni a kọ́kọ́ ń rò mọ́ ọn.

ÀKÓKÒ TÍ Ó DÁRA

Láàrín àwọn erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì ní òkun Mẹditaréníà, àwọn ìdílé a máa háyà ọkọ̀ onígbòkun fún ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ láti erékùṣù kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ líle kan tí wọ́n ń pè ní meltemi a máa fẹ́ láti àríwá, ó sì lè dá ọkọ̀ dúró ní èbúté fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí èyí, ọlọgbọ́n inú wọn kì í fi gbogbo ọjọ́ rìn. Ó máa ń fi ọjọ́ òfìfo sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni mo yá.

Ní tiwa, oṣù kẹfà àti oṣù keje kò dára, nítorí òjò àti ìjì. Ìsinmi ìparí ọdún ni mo mú. Òjò ti dá nígbà náà, ṣùgbọ́n kùrukùru ọyẹ́ lè bo ojú omi ní ìdájí, afẹ́fẹ́ láti òkun a sì máa le ní ọ̀sán. Nítorí náà, a kì í wọkọ̀ kí kùrukùru tó ká, a kì í sì í wà lójú omi lẹ́yìn aago méjì. Ní ti òru, ẹ má tilẹ̀ dá a láṣà: ìjọba ti fòfin de ìrìn òru lójú omi.

ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ, ÌRÌN OMI MẸ́RIN

Ilé wa ni ibùdó. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, a kò wọkọ̀ omi rárá. Àwọn ọmọ ń wọ ẹ̀wù amúniléfòó wọn nínú pálọ̀ títí ó fi mọ́ wọn lára. A sì lọ sí Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Igbó àti àbàtà rẹ̀ tó hẹ́kítà 78, afárá gbọọrọ tí ó gba òkè igi kọjá sì gùn ní mítà 401. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti rí bí gbogbo ilẹ̀ Lẹ́kkí ti rí kí ilé tó bò ó: omi, iyanrìn àti ọ̀bọ lórí igi.

Ní ọjọ́ kẹrin, a dán ara wa wò pẹ̀lú ìrìn kúkúrú láti Badore sọdá sí Ìjẹdẹ ní apá Ìkòròdú. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320. Ọmọ mi ọkùnrin ní, "Níbí ni iná wa ti ń wá tí kì í fi í dé?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ keje, a wọkọ̀ ní Falomo lọ sí Tarkwa Bay. Ojú omi nìkan ni a lè gbà dé etíkun yìí. Àwọn ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ń dá ìgbì òkun dúró, nítorí náà omi ibẹ̀ rọ̀ ju ti àwọn etíkun Lẹ́kkí lọ, níbi tí òkun ti ń fa ènìyàn lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, orúnkún ni mo fi ṣe òpin fún àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ọkọ̀ ilẹ̀ ni a bá lọ sí Àgbádárìgì, a sì sùn síbẹ̀. Àwọn ọmọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1845. A wọkọ̀ sọdá sí Gbẹrẹfu, a sì fẹsẹ̀ rìn dé etíkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nígbà tí a ń bọ̀.

OHUN TÍ A DÌ

Fún oúnjẹ, mọ́ínmọ́ín ewé, ẹ̀kọ, ọsàn àti omi mímu tó. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní àkàrà tàbí dòdò kí ó tó wọkọ̀. Òróró a máa mú kí èébì gbé e. Ẹ di aṣọ ìpààrọ̀ sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ẹ sì mú fìlà nítorí oòrùn.

Ẹ̀wù amúniléfòó ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ ra ti ọmọ yín fúnra yín, kí ó bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu. Ẹ gbé e sókè ní èjìká ẹ̀wù náà: bí ó bá ń yọ bọ́ láti etí ọmọ, ó ti tóbi jù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi ọ̀já pọn ọmọ nínú ọkọ̀ omi. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ̀yìn ìyá ni yóò mú ọmọ mọ́ inú omi. Ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì ní ẹ̀wù tí ó bá a mu, ẹ jẹ́ kí ó dúró sílé.

Ẹ ka iye èrò inú ọkọ̀, kí ẹ sì sọ wákàtí tí ẹ óò gúnlẹ̀ fún ẹnìkan ní ilẹ̀. Bí atukọ̀ bá bínú sí ìbéèrè yín, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ̀PẸ́

Ọjọ́ kejìlá ni a fi sí Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n kùrukùru kò ká títí di ọ̀sán. A dúró sílé, a lọ ní ọjọ́ kẹtàlá. Ìwúlò ọjọ́ òfìfo nìyẹn.

Àwa àti ìdílé méjì ni a jọ háyà ọkọ̀ láti Badore, kí owó má bà á wọ̀ wá lọ́rùn. A kọjá lára àwọn tí ń wa iyanrìn àti àwọn apẹja tí ń na àwọ̀n. Ọ̀nà omi yìí náà ni Ọba Kòsọ́kọ́ gbà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó fi jẹ́ pé Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà nínú ìlú kan náà títí di òní.

Màmá ti dúró dè wá ní èbúté. Wọ́n gbé ọmọ kékeré náà sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, wọ́n sì fa okùn ẹ̀wù rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ó mú un dáadáa." Nígbà tí ó di alẹ́, tí ó ku àwa méjì ní ilé ìdáná, wọ́n sọ ohun tí ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ rí fún mi. Ọmọ mẹ́fà ni àwọn máa ń kà fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ọmọ méje ni àwọn pọ̀n wọ ọ̀sà.

N kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ sí ọjà ẹja Olúwo, wọ́n sì kọ́ mi bí a ti ń yan òbọ̀kún: kí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kí inú ìjàgbọ̀n rẹ̀ pupa, kí ẹran rẹ̀ sì yọ padà bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ni a fi ọkọ̀ ilẹ̀ gbà padà sílé, pẹ̀lú ẹja nínú kúlà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ojo wò yín sínú ewu. Ẹ ṣètò, ẹ lọ, kí ẹ sì bọ̀ ní iye tí ẹ lọ. Àlọ yín, àbọ̀ yín, ire o.