Iṣẹ́ ìlú kì í ṣe ìyà

Ẹ dákun, ta ló sọ fáwọn tíṣà wa pé koríko gígé ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ níyà? Ọmọ tó pẹ́ dé, kó lọ gé koríko. Èyí tó pariwo ní kíláàsì, kó lọ pọnmi. Bí wọ́n ṣe ṣe fún wa nìyẹn. Ẹ wá ń retí pé tírú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà, á fẹ́ràn iṣẹ́ ìlú? Ó ṣòro.

Nígbà tí mo parí OND, iléeṣẹ́ tí mo ti lọ ṣe IT, búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni mò ń rà fáwọn ọ̀gá. Mo gbé ìwé rẹ̀ padà sí poli, wọ́n kàn lu òǹtẹ̀ sí i ni. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo rí kọ́. NYSC tíjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1973 náà ní ọjọ́ iṣẹ́ ìlú, CDS. Ó dáa o, àmọ́ ìgbà téèyàn ti jáde níléèwé ló ń dé. Tí nǹkan bá rú ẹ lójú lọ́hùn-ún, olùkọ́ wo lo fẹ́ bi?

Ẹ wo Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà lọ síbẹ̀, kí wọ́n máa gbé láàárín ará ìlú, kí wọ́n sì máa kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Sòbìyà wà lára ohun tó ń bá agbègbè náà fínra nígbà yẹn. Ìwé á sọ pé omi adágún ló ń fà á, pé ó sì tó nǹkan bí ọdún kan lára kó tó yọjú. Ṣùgbọ́n téèyàn bá jókòó ti àgbẹ̀ tẹ́sẹ̀ ò jẹ́ kó dé oko mọ́, ìgbà yẹn ló máa yé e ìdí tí baba náà ò fi gbà pé omi tóun mu léṣìí ló ń bá òun jà. Tó bá tiẹ̀ gbà, omi wo ló tún fẹ́ mu? Ìbéèrè tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé padà lọ bá olùkọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 2013, WHO kéde pé sòbìyà ti tán ní Nàìjíríà.

Kò dìgbà téèyàn bá fẹ́ di dókítà. Gọ́tà wà níwájú ọ̀pọ̀ iléèwé wa. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ gbá a, kí wọ́n bu omi rẹ̀ wá sí kíláàsì báyọ́lọ́jì, kí wọ́n wo ọmọ ẹ̀fọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Wọn ò ní gbàgbé láéláé.

Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá dé ìpàdé PTA, ẹ bá mi bi wọ́n: kí lọmọ mi kọ́ nínú koríko tó gé?