Ògiri Funfun Láàárín Igbó

Bàbá mi ni ó ń tan siníma ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè yìí ní Dahomey. “Opérateur” ni wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Siníma ni tọmọdé tàgbà ń pè é, èmi náà sì ń jẹ́ Ọmọ Bàbá Siníma títí mo fi di olùkọ́, títí irun mi fi ń funfun. Ilé siníma ọ̀hún kò ní òrùlé. Àgbàlá ńlá ni, odi yí i ká. Bẹ́ǹṣì onígi wà níwájú, àga onírin wà lẹ́yìn fún àwọn tí owó wọn tó, ògiri gíga kan tí wọ́n fi ẹfun kùn sì wà ní ìpẹ̀kun. Bí òjò bá ṣú, gbogbo wa a máa wo ojú Bàbá. Bí ó bá ti fi tapólì bo ẹ̀rọ, ó parí nìyẹn, kí oníkálukú máa lọ sílé.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ń múra àtilọ kí àbúrò mi ní Amẹ́ríkà, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún; ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti fi ojú náà rí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ní nínú fíìmù kan tí òun tàn nígbà kan rí, òun rí àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ wọn ní pápá gbalasa, tí wọ́n ń wo siníma. “Nínú ọkọ̀! Láìsọ̀kalẹ̀! Níbo wá ni opérateur wọn ń jókòó sí? Bá mi débẹ̀, kí o wá sọ fún mi.” Mo ní mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà láàárín èmi àti iṣẹ́ rẹ̀ yìí tí n kò tíì sọ fún un láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. N kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Philadelphia ni àbúrò mi ń gbé. Odò Delaware nìkan ni ó wà láàárín ìlú náà àti Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí irú siníma bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Hollingshead, tí ìdílé rẹ̀ ń ta ohun ìtọ́jú ọkọ̀, ni ó ronú kàn án. Wọ́n ní iwájú ilé ara rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ dán an wò: ó gbé ẹ̀rọ siníma lé orí ọkọ̀, ó ta aṣọ funfun mọ́ igi, ó gbé rédíò sẹ́yìn aṣọ náà, ó sì ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bomi rin koríko rọ òjò sórí gíláàsì ọkọ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá ènìyàn yóò ríran bí òjò bá dé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka èyí. Bàbá mi ìbá fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1933 ni ó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn: sẹ́ǹtì 25 fún ọkọ̀, sẹ́ǹtì 25 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀.

A lọ wo ibẹ̀. Títì ńlá ni a bá, ọkọ̀ ń sáré kọjá. N kò rí ohun kan tí mo lè ya fọ́tò rẹ̀ fún Bàbá. Ní ọdún 1958, irú siníma yìí lé ní 4,000 káàkiri Amẹ́ríkà. Lónìí, ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni ó kù. Ìpínlẹ̀ New Jersey tó bí i gan-an wà láìní ẹyọ kan láti ọdún 1991 títí di 2004, tí wọ́n tún ọ̀kan ṣí ní ìlú Vineland.

Àbúrò mi wádìí, ó sì rí ọ̀kan tí wọ́n ti pa tì ní ìgbèríko Pennsylvania, ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ sí ilé rẹ̀. Àgbàlagbà òyìnbó kan ni ó ni ilẹ̀ náà báyìí, nítorí náà a kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. (Mo ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n fẹ́ràn láti máa wọ inú ahoro kiri pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́: ahoro pàápàá ní ẹni tó ni ín. Ẹ máa tọrọ àyè.) Ó wò wá títí, ó ní kí ni a ń wá níbẹ̀. Àbúrò mi dáhùn pé irú iṣẹ́ bàbá wa nìyẹn nílẹ̀ Áfíríkà. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni òun ti ń gba owó ìwọlé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́. Ó ní kí a máa lọ, ṣùgbọ́n kí a má tẹ orí pákó inú ilé, nítorí ó ti jẹrà.

Nígbà tí a débẹ̀, oko iṣu ni mo pè é. Mo tilẹ̀ bi àbúrò mi pé ta ni ó kọ ebè síbi tí kò sí ẹni tó ń dáko. Ebè gígùn ni wọ́n, wọ́n tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà. Àṣé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń dúró sí. Táyà iwájú a gun orí ebè, imú ọkọ̀ a gbé sókè, ẹni tó wà nínú rẹ̀ a sì máa ríran kọjá lórí ọkọ̀ tó wà níwájú. Ètò ebè yìí gan-an ni Hollingshead gba ìwé àṣẹ lé lórí, kí ilé-ẹjọ́ tó fagi lé e ní 1949. Koríko ti dé ìbàdí mi, igi ti hù lórí ebè mìíràn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣì ń mọ̀ wọ́n: à ń gòkè, à ń sọ̀kalẹ̀, à ń gòkè, à ń sọ̀kalẹ̀.

Òpó irin kúkúrú wà lórí àwọn ebè náà. Òpó kan ni ó wà fún ọkọ̀ méjì. Gbohùngbohùn kékeré méjì a máa rọ̀ sára rẹ̀, awakọ̀ a mú ọ̀kan, a fi kọ́ ojú fèrèsé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá ògiri àwòrán ni ohùn ti ń jáde, àwọn ará àdúgbò kò sì lè sùn. Àwọn tó wà lẹ́yìn a rí ẹnu tó ń mì kí ọ̀rọ̀ tó dé etí wọn. Ọkùnrin àgbà náà ní ìgbà gbogbo ni ẹnì kan máa ń gbàgbé, tí yóò wakọ̀ lọ pẹ̀lú gbohùngbohùn lójú fèrèsé, tí wáyà yóò já. Mo ka òpó náà títí ó fi sú mi. Ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù, ibi púpọ̀ wà tí wọ́n ti ń ya àyè aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà wọ́n wọlé. N kò bi ọkùnrin náà bí ti ibí ṣe rí.

Ògiri àwòrán wà ní ìpẹ̀kun pápá, irin gíga tí wọ́n kan pákó funfun mọ́. Pákó ìsàlẹ̀ ti já. Ti òkè ṣì dúró, igbó sì hàn láàárín wọn. Ilé pẹlẹbẹ kan wà ní àárín pápá, níbi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Inú ilé yìí náà ni opérateur ń wà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ihò onígun mẹ́rin lára ògiri, mo sì rí ìpìlẹ̀ kọnkéré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fún ẹ̀rọ méjì.

Ẹ̀rọ méjì ni ti Bàbá pẹ̀lú. Róòlù fíìmù kan kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó tán, àmì róbótó kékeré a yọ ní igun òkè lápá ọ̀tún ògiri, a sì pòórá. Ìyẹn ni pé kí o múra. Bí ó bá yọ lẹ́ẹ̀kejì, kí o gbé iná sí ẹ̀rọ kejì. Bí Bàbá bá ṣe é, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ pé ẹ̀rọ ti yí padà. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni iṣẹ́ mi ti jẹ́ láti máa bá a ṣọ́ àmì náà. Àwọn ọmọ yòókù ń wo ẹlẹ́ṣin àti ìbọn. Igun ògiri ni èmi ń wò.

Kí ni ó pa wọ́n? Ní 1966, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tó mú kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ti agogo síwájú ní wákàtí kan ní ìgbà ooru. Oṣù kẹfà ni mo wà níbẹ̀: ó kọjá agogo mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ta ni yóò kó ọmọ jáde wo siníma tó bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án, tí iṣẹ́ wà lọ́la? Ilẹ̀ pẹ̀lú wọ́n. Pápá tó wà lẹ́yìn ìlú di àárín ìlú, ẹni tó fẹ́ kọ́ ọjà ńlá sì mú owó wá. Ní nǹkan bí ọdún 2013, àwọn tó ń ṣe fíìmù pa róòlù tì, ẹ̀rọ tuntun sì ju 50,000 dọ́là lọ. Ṣáájú ìyẹn, fídíò ti dé.

Nípa fídíò, mo lè jẹ́rìí. Ní ọdún 1990, ìlú le. Ilé ìfowópamọ́ ti dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì dé láti Èkó. A gbé e sínú yàrá kan ní òpópónà kan náà tí siníma Bàbá wà, a sì ń gba fránkì 25. Eré Yorùbá ni à ń fi hàn. Lára ògiri Bàbá, èdè Faransé ni àwọn òyìnbó àti àwọn ará Íńdíà ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá arúgbó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ bẹ́ǹṣì rẹ̀ ṣófo. Alẹ́ kan wà tí mo kọjá, tí mo gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń ró, tí mo yọjú: ènìyàn mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀. Kò dá eré náà dúró. Nígbà tí àgbàlá náà tì pa, kò bá mi sọ nǹkan kan, èmi náà kò sì bá a sọ nǹkan kan. Owó yẹn ni mo fi parí ẹ̀kọ́ mi.

Ọkùnrin àgbà náà fún wa ní gbohùngbohùn kan láti inú àpótí tó wà nínú ilé rẹ̀. Mo gbé e wá sí Àjàṣẹ́. Bàbá gbé e lé itan, ó fi àtàǹpàkò tọ àwọn ihò ara rẹ̀.

“Ó wúwo.”

Mo ròyìn ebè àti òpó fún un. Mo ní àárín pápá ni opérateur ń jókòó sí, pé ọkọ̀ wà níwájú rẹ̀, ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ronú sí i.

“Iná ọkọ̀ tó ń wọlé ńkọ́? Kì í ba àwòrán jẹ́?”

Mo ní ó ń bà á jẹ́. Ó ní òun mọ̀.

Nígbà náà ni mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ fídíò ọjọ́sí…” Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

“Mo wá síbẹ̀.”

“Ẹ wá síbo?”

“Sí yàrá yín. Mo san fránkì 25 fún ọ̀rẹ́ rẹ, mo ní kí ó má sọ fún ọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Ìwọ lo wà nídìí ẹ̀rọ.”

“Ẹ ò wá pè mí, Bàbá?”

“Eré ń lọ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ ni mò ń wò. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì kìíní tán, o jẹ́ kí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú méjì kí o tó ti èkejì bọ̀ ọ́.” Ó mi orí. “Ìṣẹ́jú méjì! Lójú àwọn tó sanwó!”

Ó gbé gbohùngbohùn náà sétí, ó tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, kí n lọ wá wáyà.