Dróònù tí ọmọ wa tò jọ

Ọmọ wa ọkùnrin ló to dróònù jọ nílé: mọ́tò mẹ́rin, fáànù mẹ́rin, bátìrì kan. Owó ọjà la fi rà á, ìyá ẹ̀ ò sì mọ iye tá a ná.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a dán an wò ní pálọ̀. Bó ṣe ní kóun gbéra báyìí, ó takìtì, ó forí sọlẹ̀, fáànù kan já, ó sì fò kọjá létí wa. Ọmọ ní bátìrì ni ò dáa, ká ra òmíràn. A ní rárá, ọlọ́jà kì í fi ìkánjú náwó. A yọ bátìrì, a wá ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò méjì ń yí sọ́tùn-ún, méjì ń yí sósì, bó ṣe yẹ. Àṣé fáànù méjì ẹ̀gbẹ́ òsì la fi síbi ara wọn! Òkè ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí.

A tò ó bó ṣe yẹ, ó gbéra, ó dúró lófuurufú. Ìyá ẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó wá ní: "Èló lẹ rà á?"

Ọmọ fẹ́ gbé e jáde, a ò gbà. Láti 2016 ni NCAA ti kìlọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààbò. Ilé ìjọba àti sọ́jà ló sì yí Garki ká.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má pa iná ọpọlọ ọmọ, àmọ́ ẹ dúró tì í. Ẹni tó bá ti gba ìwé àṣẹ yẹn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.