Ọwọ́ Kan, Èékù Kan

Gbogbo wa la gbọ́ òwe yìí dàgbà: bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èékù idà, kì í béèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ 29 Oṣù Kìíní 2024, tí wọ́n pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé, òwe náà kò jìnnà sí ẹnu àwa akẹ́kọ̀ọ́ apá ibí yìí mọ́. Bí mọ́tò bá ti ń lọ láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, ẹnì kan á ní, "Ká ní a ní ìbọn ìléwọ́ ni." Ẹlòmíràn á ní òun mọ̀ ọ́n yìn, nítorí òun ti rí i nínú fíìmù.

Àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbélé ní Ọ̀yẹ́ kò ní ìbọn, a kò sì gbèrò àtiní in. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ìyẹn náà sì ní ìwé àṣẹ tó ń gbà. Rọ́bà la ní, irú èyí tí a fi ń ta ẹyẹ ní kékeré, àti agolo mílíìkì tí a tò sẹ́yìn ilé. Eré ìrọ̀lẹ́ wa nìyẹn lẹ́yìn ìdánwò.

Bàbá ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọdẹ ní Ìkọ̀lé. Nígbà tí a lọ kí wọn, tí a sì ń ta agolo lágbàlá wọn, wọn kò sọ nǹkan kan nípa ojú wa. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n rí àtẹ́lẹwọ́ yín." Èyí tó ti ń ro oko láti kékeré nínú wa ní èépá ibi àdá, ojú kan náà ló sì wà. Bàbá fi hàn wá. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ọwọ́ yìí ti mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó ń di nǹkan mú lóríṣiríṣi, bó bá tàsé, kò lè mọ ohun tó mú un tàsé."

Wọ́n gbé àdá kan tó ti kú fún wa. Kí a mú un, kí a gbé e sílẹ̀, kí a di ojú, kí a tún mú un, títí ọwọ́ á fi máa bọ́ sójú kan náà lórí èékù láìsí pé ojú ń tọ́ ọ sọ́nà. Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko la fi ṣe èyí láìta òkúta kan. Nígbà tí a padà sídìí agolo, kì í ṣe pé a ń bà á ní gbogbo ìgbà. Ohun tó yí padà ni pé gbogbo àṣìta wa ń gba apá òsì kọjá. Àṣìta tó fọ́n káàkiri kò ṣeé tún ṣe. Èyí tó kó ara rẹ̀ jọ sójú kan, ó ti fi àtúnṣe rẹ̀ hàn.

Ohun kan náà ni àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje ń kọ́. Ẹ ó rántí Yusuf Dikeç ará Tọ́kì, ẹni ọdún 51, tó ki ọwọ́ kan bọ àpò ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Nínú ìdíje mítà 10 náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni òfin gbà. Àárín gbùngbùn ibi tí wọ́n ń ta kò ju mìlímítà 11.5 lọ, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì kan péré, ọta á fi ohun tó lé ní sẹ̀ǹtímítà 17 tàsé.

Ìdí nìyẹn tí dídìmú fi ṣe pàtàkì. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ga lórí èékù, kí gáǹgá àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fi ara mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Òkè ọwọ́ ni ọta ń gbà jáde. Bí ọwọ́ bá ṣe wà nísàlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ìbọn á ṣe fò sókè tó nígbà tó bá ta sẹ́yìn. Ìka mẹ́ta ìsàlẹ̀ ló ń di í mú. Agbára wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni di ọwọ́ ọmọdé mú sọdá títì: kò gbọdọ̀ bọ́, kò sì gbọdọ̀ dùn ún. Ìka ìfábẹ̀lá kò sí nínú dídìmú rárá. Ẹ̀gbẹ́ ìbọn ló ń sùn sí títí ọkàn á fi pinnu, lẹ́yìn náà á wá fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí gbogbo ọwọ́ bá fún pọ̀ lásìkò tí ìka ń fà, ẹnu ìbọn á yẹ̀.

Ọwọ́ ń di mú, ìka ń dúró. Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti kúrò lórí agolo fún wa nìyí. Ìrè kò jìnnà sí wa, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ ló wà. Ìtàn ní Ògún, tó ni irin, dé síbẹ̀ lọ́jọ́ àjọ kan tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ èèwọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i, òfìfo sì ni agbè ẹmu. Ó rò pé wọ́n fi òun wọ́lẹ̀ ni, ó sì yọ idà. Ìgbà tó mọ òtítọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn, ó sì wọlẹ̀ lọ. Kò sí ọwọ́ tó mọ èékù ju ti Ògún lọ. Ìka tó dúró ni kò sí lọ́jọ́ náà.

Àwa kò ní kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà wa. Ó ń bà wá. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo òwe náà: kò sọ pé ọmọ á pa ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Ó ní á béèrè. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú mọ́tò tó kún, tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ilé, ta ni ọta rẹ̀ á kọ́kọ́ bá bí kò ṣe ẹni tó jókòó tì í?

Láti 2020 tí Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tó ń wọ igbó fún wa lóru. Bàbá wa ní Ìkọ̀lé náà ń ṣọ́ àdúgbò. A bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ jù, wọn kò dárúkọ ìbọn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní, kí àwọn lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Oṣooṣù la ń dá owó rẹ̀ jọ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ kún un, ó mọ ilé wa ní Ọ̀yẹ́.