Kókó Ẹnu Àpò

Àpò ọ̀rá dúdú méjì ni mo kó tẹ́dì ọmọ mi sí. À ń kó kúrò nílé tí a háyà ní Barriera di Milano, ní Torino, lọ sí èyí tó tún kéré sí i, mo sì ti pinnu nínú ara mi pé ọmọ ọdún 11 kò nílò béárì, erin àti ehoro olówùú mọ́. Ilé ìwé ló wà nígbà tí mo dì wọ́n. Mi ò bi í. Mo ta kókó lẹ́ẹ̀mejì sí ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn jáde. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í ṣe, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ni mo kọ́kọ́ forí lé. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti ń retí ọpẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì tó jáde sí mi kò fi mí wọ́lẹ̀ rárá. Ó ní, "Signora, a kì í gba èyí tí wọ́n ti lò." Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọ kan wà ní wọ́ọ̀dù tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti gba agbára ara wọn, tí kòkòrò tí kò lè ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan lè dá wọn dùbúlẹ̀. Inú òwú ni eruku àti kòkòrò àìfojúrí ń sá pamọ́ sí, a kò sì lè bọ tẹ́dì bí wọ́n ṣe ń bọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ. Tuntun ni wọ́n ń gbà, tó ní àmì CE lára, ìyẹn àmì tí ẹni tó ṣe é fi ń jẹ́rìí pé ó bá òfin ààbò Yúróòpù mu. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, òótọ́ kò sì ríbi wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wọ́ àpò méjèèjì lọ sídìí àpótí yẹ́lò tí wọ́n ń kó aṣọ àlòkù sí ládùúgbò wa. Ẹnu rẹ̀ kò gbà wọ́n. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan ti fa àpò ya níbi tó ti ń wá aṣọ, tẹ́dì sì fọ́n ká ojú títì.

Ibẹ̀ náà la ń gbà lọ sílé ìwé. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i: ehoro rẹ̀, tí mo fi òwú búlúù rán etí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 4, dojú bolẹ̀ nínú omi lẹ́bàá irin tíráàmù. Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fún omi ara rẹ̀ dànù, ó tì í sínú báàgì ìwé rẹ̀. Ó wá wò mí lójú.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ kó wọn síbí ni?"

Mo ní rárá, pé olè ló ní láti jẹ́. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ tí mo máa ń bá wí nítorí irọ́.

Nígbà tó wọ kíláàsì tán, mo padà lọ ṣa èyí tí mo lè rí. Wọ́n jẹ́ 14. Mo kó wọn sí yàrá abẹ́ ilé, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún oṣù méje, nítorí ojú ń tì mí láti wò wọ́n.

Ó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó bí ìyá mi ní ère ìbejì kan. Mo rí i bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi osùn pa á, tó ń wọ aṣọ fún un, tó ń fún un lóúnjẹ, kí ó tó fún àwa alára. Àwa ọmọbìnrin náà máa ń pọn ọmọlángidi onígi, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ gbà á lẹ́yìn wa láìtọrọ. Mi ò fi tẹ́dì wé ère ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń wẹ igi mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ ìfẹ́ bá ti gbé pẹ́ ti kúrò ní ohun lásán.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ní, "Dákun, má bínú, èmi ni mo kó wọn dànù." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́, Mọ́mì. Kókó yín ni mo rí lẹ́nu àpò."

Àtìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrẹ. Mo kó àwọn 14 náà jáde, ó sì pín wọn fúnra rẹ̀: èyí tó lè lọ, èyí tó ti gbó jù. Ó kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí bébà, ó ní òun fẹ́ kí ẹni tó bá gbà á mọ orúkọ tó ń jẹ́.

A yẹ àmì tó wà lára wọn wò. Èyí tó lè gba omi gbígbóná, a fọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n ooru 60, nítorí bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò inú eruku ṣe ń kú. Èyí tí kò lè gbà á, a dì í sínú ọ̀rá, a fi í sínú fírísà fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà la wá fi omi tútù fọ̀ ọ́. Inú àpò ìrọ̀rí ni a kì wọ́n sí kí ẹ̀rọ má baà ya wọ́n. A sá wọn títí òwú inú wọn fi gbẹ, torí èyí tí kò bá gbẹ dénú máa ń bu. Lẹ́yìn náà, mo fa ojú kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé ṣe máa fà á. Èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ bá mì, mo yọ ọ́, mo fi òwú rán ojú mìíràn fún un, nítorí bọ́tìnì lè há ọmọ kékeré lọ́fun.

Láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni òfin Ítálì ti ní kí àwọn ìlú máa kó aṣọ àlòkù lọ́tọ̀ sí pàǹtí, nítorí náà mi ò bá àpótí yẹ́lò jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ká tó ju nǹkan sí i, bó bá sì ti kún, ká gbé ẹrù wa padà sílé. Àwọn ẹbí ní kí n kúkú kó tiwa sínú kọ̀nténà tó ń lọ sílé ní Nàìjíríà. Mo rò ó, mo sì kọ̀. Ọjà Katangua l'Ékòó kò ṣaláìní òkìríkà Yúróòpù, owó ẹrù á sì ju iye tẹ́dì lọ.

Ìyá Ìbejì kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀, tó ti kó lọ sí Padova, ló là mí lóye. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má gbé ẹrù lọ bá ènìyàn. Ẹ gbé ìbéèrè lọ ná." Ó mọ ilé kan níbẹ̀ tó ń gba àwọn obìnrin tí wọ́n sá kúrò lọ́wọ́ ọkọ tó ń lù wọ́n. Òru ni àwọn ọmọ wọn máa ń dé, láìsí nǹkan lọ́wọ́. Ó pè wọ́n kí n tó pè. Wọ́n ní mẹ́fà, kékeré, tó mọ́. Mẹ́fà náà ni a fi ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ wọn. Ìjọ kan nítòsí Porta Palazzo ní Torino níbí gba mẹ́rin, lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wa. Mẹ́rin tó gbó jù ni a yọ ojú àti bọ́tìnì wọn kúrò, tí a sì kó lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ajá tí kò ní olówó. Wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ajá máa ń fi wọ́n ṣe ìrọ̀rí.

Èmi tí mo lè pa àpò méjì tì lójú títì lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ilé fún 14. Mi ò kábàámọ̀ ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe lóru ọjọ́ náà, ilé mi ni mo ń gbá, mo wá pè é ní ọrẹ. Mi ò bi ọmọ tó ni ín, mi ò bi ẹni tó máa gbà á, mo sì ń retí kí ayé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ehoro olówùú búlúù ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi. Ó ti di ọmọ ọdún 14 báyìí. Mi ò tíì bi í ìgbà tí ehoro máa lọ.