Ike Tí Ó Ń Dí Ooru Lọ́nà

Ẹ̀yin arábìnrin mi, àṣìṣe tèmi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ti yọ̀ ṣubú rí ni ó mọ ibi tí ilẹ̀ gbé ń yọ̀.

Oṣù Èrèlè ni a kó wọ ilé wa, oòrùn sì mú púpọ̀. Páànù ni a fi bo ilé náà, àjà rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí ó bá ti di ọ̀sán, inú yàrá a gbóná bí ààrò. Ọmọ ọwọ́ mi kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà náà. Ooru mú kí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ sú wínníwínní, kì í sì í sùn títí di ìdájí. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mo ń wí.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mí. Mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé afẹ́fẹ́ tí ó dúró sójú kan a máa dí ooru lọ́nà. Òun ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ inú kúlà tètè tutù. Òun náà ni ó mú kí ilé tí àwọn baba wa fi koríko bò tura ju ilé onípáànù lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ há sáàárín koríko náà. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí pàápàá, bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 98 ni ó jẹ́ afẹ́fẹ́. Mo wá rò ó pé, èmi náà kò ha lè fi ọ̀rá omi ṣe irú rẹ̀ bí?

Mo kó ọ̀rá omi jọ, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo gé e wẹ́wẹ́, ọkọ mi sì bá mi tẹ́ ẹ sórí àjà. Yàrá tura lóòótọ́. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí sùn lọ́sàn-án, orí mi sì wú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí iná mànàmáná ti dé, mo gbọ́ òórùn ike tí ń jó. Èéfín ń yọ lókè ibi tí gílóòbù wà. Ọkọ mi sáré pa iná nídìí mítà; èmi gbé ọmọ, mo bọ́ síta láìwọ bàtà. Nígbà tí oníṣẹ́ iná tú àjà wò, ó rí i pé ibi tí a gbé so wáyà méjì pọ̀ ti gbóná, ọ̀rá tí ó yí i ká sì ti yọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ti í yẹra fún ìjàǹbá iná! Ojú tì mí púpọ̀.

Kékeré ni ti wa. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2017, ilé gíga tí à ń pè ní Grenfell Tower jó ní London, ènìyàn 72 sì kú. Ike tí ó wà láàárín páànù tí wọ́n fi bo ara ilé náà ni olórí ohun tí ó mú kí iná ràn kíákíá. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dán ohun tí mo ṣe wò.

Ṣé ike kò wá wúlò fún ilé ni? Ó wúlò, bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe é. Ike omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń lò. Wọn a ṣà á, wọn a yọ ìdérí àti ìwé ara rẹ̀, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́. Wọn a gbẹ ẹ́ dáadáa, wọn a yọ́ ọ nínú ooru tí ó lé ní 250 digiri, wọn a sì tì í gba ojú ihò tínńtínní jáde bí òwú. Wọn a da òwú mìíràn tí ó tètè ń yọ́ mọ́ ọn. Bí ó bá gba inú ààrò ńlá kọjá, gbogbo rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ra, a di ẹní tí ó nípọn ṣùgbọ́n tí ó fúyẹ́. Ìbátan ohun fúlẹ́fúlẹ́ tí ó wà nínú ìrọ̀rí yín ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ra irú ẹní bẹ́ẹ̀ fún àjà ilé yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ó ti ń ṣe bí iná bá kàn án, nítorí pé òun náà lè jó. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yẹ gbogbo wáyà wò kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sún mọ́ ibi tí gílóòbù wà.

Iṣẹ́ tiwa nínú ilé kò ṣòro. Ẹ ṣan ike tí ẹ bá ti lò, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń rà á. Ẹ má ṣe dáná sun ún lẹ́yìn ilé, nítorí pé èéfín rẹ̀ a máa pa ọmọ lára.

Ní tiwa, a kó gbogbo ọ̀rá náà sọ̀ kalẹ̀, a tún wáyà ilé ṣe, a sì fi ọ̀dà funfun kun páànù kí ó lè máa dá oòrùn padà. Ooru náà dín kù díẹ̀, a sì ń tọ́jú owó ẹní yẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oorun ọmọ dára, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà jí láyọ̀ ni ó jù.