Obìnrin Tó Ń Nu Ilẹ̀ ní Aláùsá

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òjò ń rọ̀ ní Ìkẹjà. Ẹni tí òjò ká mọ́ ojú pópó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹni tó dìídì jáde fún fàájì, inú Ikeja City Mall ni gbogbo wọn ń rọ́ wọ̀. Láti ọdún 2011 tí wọ́n ti ṣí i ló ti di ibi ìgbafẹ́ fáwọn ará Aláùsá, Ọ̀gbà àti Agídíǹgbí. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ọ̀gìnnìtìn. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò wọ̀. Búrẹ́dì gbígbóná ń ta sánsán.

Obìnrin kan ni ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Mọ́ọ̀pù ló dì mú, ó ń nu ẹrẹ̀ táwọn èèyàn ń tẹ̀ wọlé. Ṣàà, ṣàà. Kó tó fún omi mọ́ọ̀pù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tán, ìdílé kan ti tẹ ibẹ̀ kọjá. Á padà sẹ́yìn, á tún un nù. Kò bínú, kò pòṣé. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó kí i.

Ìyá mi kì í bèèrè iye tàtàṣé lọ́jà Ìpódò láìkọ́kọ́ kí àwọn tó pàtẹ síbẹ̀: “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá.” Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọjà nínà, ẹ̀yìn ọjà nínà ni èènì. Ní mọ́ọ̀lù, wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ ọjà. N ò bá wọn jà sí èyí rárá. Ọmọ kékeré tí wọ́n rán níṣẹ́ ò ní í sanwó ju àgbà lọ. Àmọ́ kí ló dé tí a fi da ìkíni nù pọ̀ mọ́ ọjà nínà?

Ṣàà, ṣàà. Màmá àgbà kan dé, ọmọ rẹ̀ obìnrin di apá rẹ̀ mú, wọ́n ń lọ wo fíìmù ní Silverbird. Màmá dúró.

“O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. O kú òjò.”

Obìnrin náà dá mọ́ọ̀pù dúró, ó tẹ orúnkún wálẹ̀. “Ẹ ṣé, mà. Ẹ rọra tẹ ibẹ̀ yẹn o, ó ń yọ̀.”

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ń sanwó fún wọn níbí.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ owó? Èèyàn ni mo kí.”

Wọ́n lọ. Obìnrin náà tún nu ojú ẹsẹ̀ wọn, àmọ́ ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀; mo rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ síbẹ̀, ẹ máa kí i. Òun ni ò jẹ́ kí ẹ ṣubú.